Wọ́lìsì Lẹ́bàá Omi

Gíga ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

Kapitolina kò jalè. Kò purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Kò bá ọ̀gá kankan ṣe gbólóhùn asọ̀. Ó kàn ga ni. Nínú ijó báléè, àwọn kúkúrú ni wọ́n ń tò síwájú, àwọn tó ga a bọ́ sẹ́yìn. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni nígbà tó kúrò nílé ẹ̀kọ́ ijó tó wọ tíátà ìlú wọn létí odò Kámà. Lọ́jọ́ náà gan-an, Nonna Arkadyevna, ọ̀gá ijó, wò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó tún wò ó padà sókè, ó mí kanlẹ̀.

"Ìwọ, òpó iná," ó ní, "ẹ̀bá omi."

Bí àwọn ará tíátà ṣe ń pe ìlà tó kẹ́yìn nìyẹn. Aṣọ fífẹ̀ kan wà tí wọ́n máa ń ta sẹ́yìn ìtàgé, adágún omi ni wọ́n kùn sára rẹ̀, pẹ̀lú ewé lójú omi àti òkúta funfun létí rẹ̀. Àwọn tó wà ní ìlà tó kẹ́yìn pátápátá, tí aṣọ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ha omi ọ̀dà yẹn, àwọn ni ará ẹ̀bá omi. Eruku aṣọ náà ni wọ́n ń mí símú. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, adágún a lù wọ́n nípàkọ́.

Wọ́lìsì, ijó òyìnbó tí wọ́n fi ń yí po, sì ni iṣẹ́ wọn. Bí ọba inú eré bá ń ṣe ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀, wọ́lìsì. Bí òdòdó bá jí, wọ́lìsì. Bí yìnyín bá ń bọ́, wọ́lìsì náà ni. Ìlù mẹ́ta mẹ́ta: ọ̀kan wúwo, méjì fúyẹ́, bí ẹni tó tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ tó wá yọ́ ẹsẹ̀ rìn lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn òǹwòran a fẹ̀yìn ti àga, wọn a máa mi orí, tọkọtaya a di ara wọn lọ́wọ́ mú. Rimma, tí òun àti Kapitolina jọ wà lẹ́bàá omi láti ọdún kìíní, ní èrò tirẹ̀ nípa orin yẹn.

"Ṣé o mọ ìdí tí wọ́lìsì fi máa ń gùn?" ó máa ń bi àwọn ọmọ tuntun. "Kí olórí oníjó lè ráyè jókòó, kó nu òógùn, kó sì bú ọkọ rẹ̀ ni. Àwa la ń ṣọ́ ilé dè é."

Wọn a rẹ́rìn-ín. Kapitolina a rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn.

Ohun kan wà nípa ẹ̀bá omi tí ará ìta kò mọ̀. Orin kì í tètè débẹ̀. Inú kòtò níwájú ìtàgé ni àwọn olórin máa ń jókòó sí, ìró gòjé wọn ní láti fò kọjá orí àwọn ará iwájú, kó gba àárín yẹ̀rì àti àárín òdòdó kọjá, kó tó dé etí ẹni tó wà lẹ́yìn. Bó bá fi máa dé, ó ti pẹ́. Ẹni tó bá jó sí ohun tó gbọ́, ẹ̀yìn gbogbo ayé ni yóò máa gbẹ́sẹ̀. Nítorí náà, ará ẹ̀bá omi kì í jó sí orin. Ẹ̀yìn ọrùn ẹni iwájú ló ń jó sí. Èjìká yẹn gòkè, tìrẹ náà gòkè. Ìgbáròkó yẹn yí, ìwọ náà yí.

Wọ́lìsì ni Kapitolina ń jó láti ìgbà èwe rẹ̀, kò sì jó sí wọ́lìsì rí.

*

Ìyá rẹ̀ ń jẹ́ Glafira. Iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń rọ ìbọn ńlá ló ti ṣiṣẹ́, níbi tó ti ń wa ẹ̀rọ tó ń gbé irin pípọ́n kọjá lókè ààrò. Ogun ló gbé e débẹ̀. Ọkọ rẹ̀ lọ sógun, kò dé. Ó bá jókòó sókè ààrò náà kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́, títí iná fi jẹ ojú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí eku ṣe ń jẹ ọṣẹ.

Ọdọọdún ló ń wá wo eré. Á wé ìborí funfun rẹ̀ tó mọ́ jù, á wọ bàtà ọjọ́ ọ̀wọ̀, á jókòó bí ẹni tó wá jẹ́rìí ní kóòtù. Bí wọ́n bá padà délé, tí omi tíì bá hó, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

"Èwo wá ni ìwọ nínú wọn?"

"Ẹ̀bá omi, màmá. Lápá ọ̀tún."

"Omi ni mo rí. Mi ò rí èèyàn."

"Iwájú omi yẹn gan-an ni mo wà."

"Gbogbo yín funfun bí ìyẹ̀fun, ojú yín rí bákan náà, ẹsẹ̀ yín rí bákan náà. Ta ni kí n mú? Ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi wẹ̀, mi ò dá a mọ̀ láàárín ọmọ ọlọ́mọ."

Kò sọ ọ́ kó fi bú u. Ibi tó ti dunni nìyẹn. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé iyọ̀ tán nílé.

Kí Kapitolina tó pé ọdún márùndínlógójì, ojú ìyá náà ti di èéfín. Dókítà iléeṣẹ́ ní iṣan ojú ló ń kú, pé ohun tó bá kú nínú rẹ̀ kì í jí. Ohun tó bá súnmọ́ ọn, á rí i, bí ẹni ń wo ìta láti ihò kọ́kọ́rọ́. Ohun tó bá jìnnà, kùrukùru. Obìnrin tó ń mú èèyàn jókòó ní tíátà ṣàánú rẹ̀, ó ń fi í sórí àga kan ní ìlà kìíní lápá ọ̀tún, lókè orí onílù, níbi tí olówó kò fẹ́ jókòó nítorí ariwo. Láti orí àga yẹn, igun iwájú ìtàgé súnmọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí o fi lè gbọ́ bí oníjó ṣe ń mí.

Igun iwájú. Ibẹ̀ nìkan, nínú gbogbo ìlà iwájú, ni wọ́n ti ń fẹ́ ẹni gíga nínú wọ́lìsì ọgbà ọba. Tọkùnrin tobìnrin gíga méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì, bí òpó ẹnu ọ̀nà, kí àwọn kúkúrú lè máa jó láàárín wọn. Oníjó kan, Larisa, ló ni ọ̀tún, òun àti ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Rinat. Àwọn méjèèjì a di ọrun òdòdó mú, wáyà títẹ̀ tí wọ́n fi òdòdó aṣọ wé, wọn a gbé e sókè, wọn a gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Kapitolina mọ ipò Larisa bí ẹni mọ ọ̀nà ilé lókùnkùn. Kò sí ohun mìíràn tó ń wò.

Kò fẹ́ di olórí oníjó. Ìyẹn ti kúrò lára rẹ̀ tipẹ́, bí ibà ọmọdé. Ohun kan ṣoṣo ló kù. Kí ìyá òun rí òun. Lẹ́ẹ̀kan. Kí ihò kọ́kọ́rọ́ yẹn tó dí.

*

Àwọn ará tíátà ní àṣà kan. Eré tó bá kẹ́yìn ọdún, kí kálukú tó lọ fún ìsinmi ìgbà ooru, Eré Àwọ̀-Ewé ni wọ́n ń pè é, ọjọ́ àwàdà sì ni. Òǹwòran kò gbọdọ̀ tètè mọ̀, ṣùgbọ́n lórí ìtàgé, gbogbo nǹkan ti wọ́. Wọn a rọ ọtí gidi sínú ife ọba. Wọn a rán ẹnu apá aṣọ ọmọba pa. Ọdún kan, arúgbó ìránṣẹ́ gbé àtẹ jáde, ògbólógbòó ológbò ló wà lórí rẹ̀. Ọ̀gá àgbà a máa kìlọ̀ lọ́dọọdún pé kí wọ́n má ṣe é mọ́, á sì jókòó síwájú kó má bàa pàdánù ìkankan.

Ní ọ̀kan nínú àwọn Eré Àwọ̀-Ewé yẹn ni wọ́n mú Kapitolina.

Rimma ló pète rẹ̀. Rimma fẹ́ràn rẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ràn èèyàn ló mọ ibi tó ti ń dùn ún. Aṣọ ìkélé ṣì wà ní títì, kálukú ti wà nípò, ni Nonna Arkadyevna rìn wá sẹ́bàá omi, ojú rẹ̀ le bí ojú adájọ́.

"Kápa," ó ní, bí wọ́n ṣe ń gé orúkọ Kapitolina kúrú, "bọ́ síwájú. Igun ọ̀tún. Ẹsẹ̀ Larisa yẹ̀."

Kò bèèrè ohunkóhun. Ó sáré. Ó gba ìtàgé kọjá láti ẹ̀yìn dé iwájú, ọ̀nà tí kò gbà rí lójú iṣẹ́, ó dúró ní igun náà. Lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn aṣọ ìkélé, àwọn olórin ń tún okùn gòjé wọn ṣe. Ọ̀kan lára àwọn gòjé ńlá gbin. Pákó ìtàgé gbọ̀n, ìgbọ̀n náà gba ìsàlẹ̀ bàtà rẹ̀ gòkè dé orúnkún. Bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ níhìn-ín nìyí? Ó ronú pé, bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ nìyí, gbogbo ọdún yìí.

Bẹ́ẹ̀ ni Larisa ṣe yọ láti ẹ̀gbẹ́, lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, tó kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ ṣé o, àǹtí, tí ẹ bá mi di àyè mú."

Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. Nonna Arkadyevna fi áńkáṣíìfù bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Kapitolina náà rẹ́rìn-ín. Kí ni kó ṣe? Ó rẹ́rìn-ín, ó yí padà, ó tún rin gbogbo gígùn ìtàgé náà padà lọ sẹ́bàá omi, kálukú ń wò ó.

Ẹ̀rín yẹn há sí i lọ́fun bí eegun ẹja. Kò gbé e mì. Kò pọ̀ ọ́.

*

Ogún ọdún ni oníjó fi ń sin ìtàgé, lẹ́yìn náà ó di ẹni ìfẹ̀yìntì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé irun rẹ̀ kò tíì funfun. Ìgbà òtútù tó ṣáájú ìfẹ̀yìntì rẹ̀, Kapitolina lọ bá Nonna Arkadyevna ní yàrá ìdánrawò. Kò bẹ̀bẹ̀ rí láyé rẹ̀, kò sì mọ̀ ọ́n ṣe.

"Ẹ fún mi ní igun yẹn, lẹ́ẹ̀kan. Ìyá mi ò ní ríran mọ́ bí ọdún yìí bá parí."

Nonna Arkadyevna ń ti fèrèsé. Kò wo ẹ̀yìn.

"Bí mo bá fún ọ nítorí ìyá ẹ, Rimma náà á gbé ìyá tiẹ̀ wá lọ́la. Tíátà kì í ṣe ilé ìwòsàn, Kápa."

"Mo mọ ipò náà. Ẹ lè dán mi wò."

"Mo mọ̀ pé o mọ̀ ọ́n. Gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tí àyè bá ṣí fúnra rẹ̀, tìrẹ ni. Mo ti sọ ọ́. Ó yá, lọ jẹun, o ti gbẹ jù."

Ọjọ́ tí àyè bá ṣí fúnra rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Kapitolina bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọrùn-ẹsẹ̀ Larisa. Bí Larisa bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí omi bá dà sílẹ̀ lọ́nà yàrá ìmúra, kì í tètè nù ún. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Ó tijú, ó sì ń ṣe é. Larisa, tí kò mọ nǹkan kan, ń pín páì ẹlẹ́ran fún un láti inú abọ́ rẹ̀.

Yìnyín yọ́. Èyí tó bo odò Kámà fọ́, omi gbé e lọ. Ìgbà ooru dé, tí oòrùn ìhà àríwá kì í tètè wọ̀, alẹ́ kò ṣú mọ́. Larisa kò ṣubú.

Eré tó kẹ́yìn ọdún náà ni eré tó kẹ́yìn ayé ijó Kapitolina. Ó lọ mú ìyá rẹ̀ wá fúnra rẹ̀, ó dì í lọ́wọ́ mú láti ibi ọkọ̀ títí dé orí àga lókè onílù.

"Kò sí ohun tí ẹ máa rí, màmá. Ẹ kàn máa gbọ́ orin."

"Mo wá gbọ́ ọ nígbà náà. Lọ, wọ́n ń dúró dè ẹ́."

Lẹ́yìn aṣọ ìkélé, àwàdà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan ti so okùn bàtà ọmọba mọ́ra. Rimma ti fi èédú ya irùngbọ̀n sí ẹ̀yìn abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ó ń fi bo ẹnu, ó ń fi han àwọn ọkùnrin. Kapitolina tẹ bàtà rẹ̀ mọ́ oje igi lílọ̀ inú àtẹ kó má bàa yọ̀, ó bọ́ sípò rẹ̀, adágún omi sì kan án nípàkọ́. Ìgbà tó kẹ́yìn. Kò sunkún. Oníjó tó bá sunkún, ẹfun ojú rẹ̀ á ṣàn.

Nígbà náà ni Nonna Arkadyevna sáré dé. Irun rẹ̀ ti tú lápá kan.

"Kápa! Igun iwájú, kíá. Ẹsẹ̀ Larisa yẹ̀ lórí àtẹ̀gùn."

Kapitolina wò ó. Rimma kọ́kọ́ pariwo.

"Họ́wù! Wọ́n tún gbé e dé!"

"Ẹ káàbọ̀, Nonna Arkadyevna," ni Kapitolina wí, ohùn rẹ̀ balẹ̀ bí omi inú ìkòkò. "Ẹ ò tiẹ̀ wá àwàdà tuntun lọ́dún yìí? Ọbẹ̀ àná tó ti ń rùn náà lẹ tún gbé wá?"

"Àwàdà kọ́! Mo ní kó o bọ́ síwájú."

"Bẹ́ẹ̀ lẹ wí lọ́jọ́sí. Ojú yín tiẹ̀ le ju báyìí lọ nígbà yẹn, ẹ ò ṣe é dáadáa lónìí."

"Kapitolina, mo fi orí mi búra..."

"Ẹ fi orí Larisa náà kún un. Ẹ ní kó wá fi ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kí mi bó ṣe kí mi nígbà yẹn. Ẹ̀bá omi lẹ gbé mi sí, ẹ̀bá omi ni n ó ti lọ sílé. Ẹ má fi mí ṣe ẹlẹ́yà lọ́jọ́ ìkẹyìn."

Ìlà ẹ̀yìn pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n rọra pa á kí ìta má bàa gbọ́. Ẹnìkan ní, "Ó tó bẹ́ẹ̀, Kápa! Wọn ò mú ẹ!" Lẹ́yìn aṣọ ìkélé, àwọn òǹwòran náà pàtẹ́wọ́: adarí orin ti wọlé. Kò sí àyè mọ́. Nonna Arkadyevna ní, "Òmùgọ̀ ọmọ," ṣùgbọ́n kò pariwo rẹ̀. Ó sáré padà. Ní ẹ̀gbẹ́ ìtàgé, Inga dúró, ọmọbìnrin gíga kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ ijó, tí wọ́n ti múra fún bóyá wọn a nílò rẹ̀. Ọ̀gá ijó gbá a léjìká mú, ó tì í sórí ìtàgé bí ẹni ti àgùntàn sínú ọkọ̀.

Kapitolina rí pé wọ́n ti nǹkan kan. Kò kà á sí. Inú rẹ̀ ń dùn. Wọn ò mú mi, ó ń wí nínú ara rẹ̀. Lónìí, wọn ò mú mi. Láti ọdún wo ni inú rẹ̀ kò ti dùn tó bẹ́ẹ̀ lẹ́bàá omi yẹn.

Aṣọ ìkélé ṣí.

Ó wo iwájú, láti wá ọrùn tó máa jó sí. Larisa ní àmì dúdú kan lẹ́yìn ọrùn. Kò sí àmì kankan níbẹ̀. Ọrùn tínrín kan ló wà níbẹ̀, ó pọ́n, ó ń gbọ̀n. Rinat dúró tì í, ó ń sọ̀rọ̀ sí i láìyí ètè.

Bí ejò bá ti bu èèyàn jẹ rí, ekòló lásán á máa lé e sá. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n kí èèyàn sá fún ohun tó ń wá kiri, torí pé ó wọ aṣọ ejò wá?

Ìlù wúwo kan. Fífúyẹ́ méjì. Ó jó. Ẹsẹ̀ kò mọ ìbànújẹ́, wọ́n ti kọ́ ọ tipẹ́. Èjìká gòkè, ó gòkè. Láti ibi tó wà, kọjá orí gbogbo wọn, torí pé ó ga, ó rí ìborí funfun kan ní ìlà kìíní. Ìyá rẹ̀ ti dìde díẹ̀ lórí àga. Ó di irin etí kòtò olórin mú lọ́wọ́ méjèèjì. Ojú rẹ̀ tẹjú mọ́ igun iwájú, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

Ní ibi tí ó ti yẹ kí obìnrin yí sápá ọ̀tún, Inga yí sí òsì. Rinat fà á padà. Ọrun òdòdó bọ́ lọ́wọ́ wọn, ó fò, ó yí lójú afẹ́fẹ́, ó já sínú kòtò, ó sì kọ́ ọrùn gòjé ńlá kan bí ẹ̀gbà. Onígòjé kò dá orin dúró. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àwọn òǹwòran mọ Eré Àwọ̀-Ewé, wọ́n sì rò pé èyí ló dára jù láti ọdún méje sẹ́yìn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ bí òjò. Inga ń bá ijó lọ, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó di ọrun tí kò sí níbẹ̀ mú.

Obìnrin orí àga náà ń rẹ́rìn-ín. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń fi igun ìborí nu ojú.

*

Nínú yàrá ìmúra, Larisa jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú garawa omi yìnyín. Ó ti wú bí ìyẹ̀fun pípò tí wọ́n gbàgbé sẹ́bàá iná. Kapitolina bẹ̀rẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ omi, ó fọwọ́ kan án.

"Yé! Ó ń dùn mí, ṣé o ya wèrè ni?"

"Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni."

Nonna Arkadyevna dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti tún irun rẹ̀ dì.

"Ta ni mo kọ́kọ́ pè?" ó ní. "Kí gbogbo ẹni tó wà níhìn-ín sọ ọ́. Ta ni mo pè?"

"Èmi ni."

"Mo ṣèlérí, mo sì mú un ṣẹ. Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ níta pé mi ò mú un ṣẹ."

"Ohùn kan náà ni," Kapitolina ní. "Ọ̀rọ̀ kan náà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?"

Bóyá ọ̀gá ijó fẹ́ sọ ohun tó dára. Ohun tó rí sọ ni pé, "Ẹni tó fẹ́ nǹkan lóòótọ́, bí wọ́n bá fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún un nígbà ọgọ́rùn-ún, yóò sáré nígbà ọgọ́rùn-ún." Ó lọ. Rimma jókòó ní kọ̀rọ̀, irùngbọ̀n èédú ti yí mọ́ ọn lẹ́nu.

Wọ́n fún Kapitolina ní aago orí tábìlì àti òdòdó. Ó kí wọn, wọ́n kí i. Òun àti Rimma jáde gba ẹnu ọ̀nà àwọn òṣìṣẹ́.

Glafira ti dúró níbẹ̀, ó ń fi ọwọ́ tọ́ ògiri. Bó ṣe gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀, ó na ọwọ́.

"Mo rí ọ!"

Kapitolina dúró.

"Mo rí ọ, Kápa! Níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin gíga yẹn. Mo ní, àbí ojú ń tàn mí ni? Mo dìde. Mo wò ó dáadáa, ó ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, mo ní tèmi nìyẹn, tèmi gan-an nìyẹn. O ò sì sọ fún mi! O fẹ́ fi ya mí lẹ́nu, àbí?"

"Glafira Savvichna," ni Rimma bẹ̀rẹ̀, "ẹni yẹn kì í ṣe..."

Kapitolina tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ tagbáratagbára.

"O sì wá jẹ́ kí nǹkan yẹn bọ́ lọ́wọ́ ẹ," ìyá ń bá a lọ, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀. "Bó o ṣe rí láti kékeré nìyẹn! Ife kan kì í pẹ́ lọ́wọ́ ẹ. Bó ṣe bọ́ báyìí, mo ní, kò sí àríyànjiyàn mọ́, Kápa nìyẹn. Ìyẹn ni mo fi dá ẹ mọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, màmá."

"Kò burú. Gbogbo èèyàn ló rẹ́rìn-ín. Wọ́n fẹ́ràn ẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Wọ́n wọkọ̀ lọ sílé. Ìta mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán, òdòdó elése àlùkò ń tanná lára gbogbo ògiri, ìyá ń sọ̀rọ̀ lọ láìdákẹ́.

*

Kí yìnyín tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, ojú Glafira dí pátápátá. Ohun tó rí kẹ́yìn láyé tó yẹ ní rírántí nìyẹn, ó sì ń rántí rẹ̀ lójoojúmọ́. Ilé tí wọ́n ń gbé, ìdílé mẹ́rin ló ń lo ilé ìdáná kan. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tí kò tíì gbọ́ ọ. Bí àlejò bá dé, kí ó tó bọ́ kóòtù, Glafira á ti bẹ̀rẹ̀.

Kapitolina ń kọ́ ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ ní wọ́lìsì ní gbọ̀ngàn iléeṣẹ́ ìbọn. Dùùrù ibẹ̀ kò ní ohùn tó pé. Àwọn ọmọ náà kì í bìkítà, wọ́n ń tẹ ara wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n ń pariwo ọ̀kan, méjì, mẹ́ta bí ẹni ń ka irin. Ó tò wọ́n bó ti wù ú. Ṣùgbọ́n ó ṣàkíyèsí pé òun náà ń fi àwọn gíga sẹ́yìn. Ó yẹ kó yí i padà. Kò yí i padà; bó bá yí i, kò sí bí àwọn kúkúrú ṣe máa hàn.

Ọjọ́ ìsinmi kan nígbà òtútù, obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ yàrá tó dojú kọ tiwọn wá bá wọn mu tíì. Glafira sọ ìtàn náà fún un, pẹ̀lú ọrun òdòdó, pẹ̀lú gòjé ńlá, pẹ̀lú àtẹ́wọ́. Ó ti ń fi kún un báyìí: adarí orin náà ti dìde, ó ti tẹríba.

"Kapitolina Yegorovna," obìnrin náà ní, ó ń rẹ́rìn-ín, "ẹ jọ̀ọ́, báwo ló tiẹ̀ ṣe bọ́ lọ́wọ́ yín?"

Kapitolina ń gé búrẹ́dì. Ìyá rẹ̀ ti kọ etí sí i, ojú funfun méjèèjì dojú kọ ibi tí ohùn ti máa wá.

"Apá òsì ni mo yí sí," Kapitolina ní. "Ọ̀tún ló yẹ kí n yí sí."

"Ẹ̀yin! Lẹ́yìn ogún ọdún?"

"Ọwọ́ mi ń làágùn. Mi ò dúró síbẹ̀ rí."

"Ẹ gbọ́ ọ!" ni Glafira kígbe, ó fi ọwọ́ lu tábìlì, ife mì. "Mi ò tíì gbọ́ èyí rí. Tún un sọ, Kápa. Ẹsẹ̀ wo lo fi bẹ̀rẹ̀?"

Kapitolina gbé ọ̀bẹ kalẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún wọn, ní ẹsẹẹsẹ, bí òun ṣe ṣi ijó náà jó.